Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti ń gbin sẹ́ẹ̀lì fún alátọ̀gbẹ type 1, àbí ariwo lásán ni?

IyaTomi:
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọdún tó kọjá ni wọ́n sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ type 1 ló ní, àtìgbà yẹn ni mo ti di nọ́ọ̀sì tí ò lọ iléèwé nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, abẹ́rẹ́ lálẹ́, òmíràn kó tó sùn, tó bá di aago mẹ́ta òru mo tún máa dìde lọ wo ṣúgà ẹ̀. Lánàá ni àbúrò mi fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí mi, àkọlé ẹ̀ ni "Wọ́n ti rí ìwòsàn àtọ̀gbẹ type 1", wọ́n ní wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì sí àwọn kan lára, wọn ò gún abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, mi ò mọ ìgbà tómi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Kí ni wọ́n ń gbìn gan-an, ibo ni wọ́n ń gbìn ín sí, ṣé wọ́n lè ṣe é fún ọmọdé? Tí ìbéèrè mi bá jẹ́ ti ọ̀gbẹ̀rì, ẹ forí jì mí.

OgbeniIyemeji:
Mọ́mì, ẹ rọra. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń bá àìsàn yìí yí, ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi gan-an ni dókítà ti ní "ó ku ọdún márùn-ún kí wọ́n rí oògùn ẹ̀". Ọdún márùn-ún yẹn ti bímọ, ó ti bí ọmọọmọ. Àwọn oníròyìn yẹn kàn fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ni.

AbereMerin:
Ẹ̀gbọ́n Iyemeji ti tún dé o 😂

Mọ́mì Tomi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ wà ńbẹ̀, àmọ́ àkọlé yẹn ti sáré ju ìròyìn lọ. Èèyàn wà tí wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì sí lára tí ò gún ìnsúlínì (abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀) mọ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́, kì í tiẹ̀ ṣe tuntun, ó ti lé ní ogún ọdún. Ohun tí wọn kì í kọ sínú àkọlé ni oògùn tí olúwa ẹ̀ á máa gbé mì lójoojúmọ́ kí ara má bàa pa sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún. Ẹ dúró de @DokitaOru, tó bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ á dáhùn.

DokitaOru:
Mo ti dé, ẹ má bínú, iṣẹ́ òru ni.

Màmá Tomi, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó bàjẹ́ kó lè yé yín ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Páńkíríàsì wà lẹ́yìn ikùn. Inú ẹ̀ ni ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan fọ́n ká sí bí erékùṣù lójú òkun, akẹ́kọ̀ọ́ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Paul Langerhans ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn lọ́dún 1869, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní erékùṣù Langerhans. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo wọn jọ, wọn ò ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún páńkíríàsì lọ. Beta cell tó wà nínú wọn ló ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń ṣe ìnsúlínì tó bá a mu, lọ́sàn-án lóru, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde láago mẹ́ta.

Nínú type 1, àwọn ọmọ ogun ara ẹni, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, fúnra wọn ni wọ́n dojú ìjà kọ beta cell. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ fún un jẹ, kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ ṣe nígbà tẹ́ ẹ lóyún ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi.

Ìnsúlínì tẹ́ ẹ ń gún fún un, ọjà ni. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọjà yẹn ló kú. Gbígbin sẹ́ẹ̀lì ní tiẹ̀, alágbẹ̀dẹ míì ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé.

Ọ̀nà yẹn jìn o. Ọdún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin odidi páńkíríàsì sí èèyàn lára, ní yunifásítì Minnesota, iṣẹ́ abẹ ńlá ni títí dòní. Lọ́dún 1967 Paul Lacy àti akẹgbẹ́ ẹ̀ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yọ erékùṣù yẹn nìkan kúrò nínú páńkíríàsì eku, nígbà tó fi máa di 1972 wọ́n ti fi mú ṣúgà eku alátọ̀gbẹ wálẹ̀. Ti èèyàn ló wá ṣòro. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ń gbìn, ó ń kú, torí lára oògùn tí wọ́n fi ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba nígbà yẹn ni sítẹ́rọ́ọ̀dù, sítẹ́rọ́ọ̀dù náà ló sì ń gbé ṣúgà sókè. Ẹ ò rí i bí? Ẹ fi ọ̀tún gbìn, ẹ fi òsì fà á tu.

Ọdún 2000 ni àyípadà dé. James Shapiro àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Edmonton, ní Kánádà, gbin ín fún èèyàn méje, wọ́n yọ sítẹ́rọ́ọ̀dù kúrò, wọ́n sì kó erékùṣù látara òkú tó ju ẹyọ kan lọ fún aláìsàn kan. Gbogbo àwọn méje ló bọ́ lọ́wọ́ ìnsúlínì. Ayé mì tìtì.

IyaTomi:
Dókítà ẹ ṣé gan-an, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹnì kan máa ṣàlàyé tó yé mi rèé. Ohun tẹ́ ẹ sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi yẹn, mo gbé e pa mọ́ sọ́kàn.

Àmọ́ ẹ ní látara òkú? Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀?

MaikiroSkopu:
Ẹ jẹ́ kémi dáhùn èyí, torí yàrá tí wọ́n ti ń yọ ọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin.

Fóònù máa ń dún lóru ni. Ẹnì kan ti kú níbì kan, ẹbí ẹ̀ ti yọ̀ǹda, páńkíríàsì ń bọ̀ nínú yìnyín. A ò ní àkókò púpọ̀, wákàtí díẹ̀ ni, torí inú páńkíríàsì náà ni omi tó ń da oúnjẹ wà, tó bá pẹ́ jù ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í da ara ẹ̀. Tí àpótí yẹn bá dé, ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká ṣí i lójú ẹsẹ̀, a máa dákẹ́ díẹ̀ ná.

Lẹ́yìn náà, a ó há ọ̀rá ara ẹ̀ dànù, a ó wá gba ojú ọ̀pá tó wà láàárín ẹ̀ fa èròjà kan sí i tó ń jẹ́ collagenase títí á fi wú. Èròjà yẹn ló ń tú ohun tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra. A ó gé e wẹ́wẹ́, a ó kó o sínú àgé irin kan tí wọ́n ń fi orúkọ Camillo Ricordi pè, òun ló gbé ọgbọ́n ẹ̀ jáde lọ́dún 1988. Àwọn bọ́ọ̀lù róbótó wà nínú ẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á máa gba inú ẹ̀ kọjá, a ó máa mì ín, ṣìgìdì ṣìgìdì, ariwo bọ́ọ̀lù yẹn mo ṣì ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Ibi tí ọgbọ́n wà rèé. Ní ìṣẹ́jú méjì-méjì a ó fa omi díẹ̀ síbi kan, a ó kán oògùn tó ń jẹ́ dithizone sí i, a ó wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Zinc wà nínú erékùṣù torí òun ló fi ń di ìnsúlínì pa mọ́, dithizone sì máa ń so mọ́ zinc, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹran tó kù á ṣì wà ní ràndànràndàn, erékùṣù nìkan á pọ́n wẹ̀ẹ̀, bí ẹni fọ́n ata gígún sómi. Tẹ́ ẹ bá tètè dá àgé dúró, wọ́n ṣì lẹ̀ mọ́ ẹran. Tẹ́ ẹ bá pẹ́, wọ́n ti fọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbà tó tó, ojú ẹni tó jókòó sídìí maikirosíkóòpù ló ń sọ ọ́.

Ìgbà míì a ó ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́, a ó kà á, kò ní tó. Aláìsàn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń dúró, wọ́n á ní kó máa lọ ilé. Mi ò gbàgbé ojú àwọn tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

AbereMerin:
Àgbà iṣẹ́! Ọdún mẹ́jọ ni mo ti wà lórí ìjíròrò yìí, mi ò gbọ́ eléyìí rí.

IyaTomi:
Ọlọ́run á bá wa tu ẹbí àwọn tó yọ̀ǹda yẹn nínú. Tí wọ́n bá wá rí èyí tó tó, ṣé wọ́n á la ikùn aláìsàn ni?

DokitaOru:
Rárá o. Wọn ò la nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n á pa ibi kan kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, wọ́n á ti ọ̀pá tínńrín kan wọ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ látinú ìfun wọ ẹ̀dọ̀, wọ́n á so àpò kọ́ sókè, á máa ṣàn wọlé fúnra ẹ̀. Aláìsàn lajú sílẹ̀. Erékùṣù yẹn á bá ẹ̀jẹ̀ lọ, á há sáwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa gbé. Ewu tó wà ńbẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ máa dà níbi tí wọ́n gún, tàbí kí iṣan yẹn dí.

Wọn ò fi í sínú páńkíríàsì torí ibẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀, ó tètè ń bínú. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ náà kì í ṣe ilé wọn, ilé àlejò ni. Bí wọ́n ṣe ń wọnú ẹ̀jẹ̀ báyìí ni ẹ̀jẹ̀ á ti gbéjà kò wọ́n, ọ̀pọ̀ ló ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdí tí wọ́n fi sábà máa ń nílò òkú méjì tàbí mẹ́ta fún aláàyè kan nìyẹn.

OgbeniIyemeji:
Dókítà ẹ ti sọ ti 2000, ẹ sọ ohun tó tẹ̀lé e. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ dáadáa, ẹ má rò pé mo kàn ń ṣe awuyewuye. Ọ̀nà Edmonton yẹn, wọ́n gbé e kárí ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án fún èèyàn 36, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Lẹ́yìn ọdún kan, 16 ni ò gún ìnsúlínì mọ́. Nínú àwọn 16 yẹn, tó fi máa pé ọdún méjì, márùn-ún ló kù. MÁRÙN-ÚN. Kí ni wọ́n ń pè ní ìwòsàn nínú ìyẹn?

DokitaOru:
Nọ́ńbà yín pé, mi ò jà yín níyàn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ìnsúlínì nìkan lẹ ń kà. Lára àwọn tó padà sídìí abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì wọn ṣì ń ṣe díẹ̀díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì tó láti má jẹ́ kí ṣúgà wọn já wálẹ̀ lójijì kí wọ́n dákú. Fún ẹni tí ìjáwálẹ̀ yẹn ń pa, òun gan-an ni èrè tó wá gbà. Àtìgbà yẹn iṣẹ́ náà sì ti dára sí i. Ní Amẹ́ríkà, June 2023 ni FDA, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oògùn, fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní Lantidra, erékùṣù látara òkú náà ni. Èèyàn 30 ni wọ́n fi dán an wò: 21 lò tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìgún ìnsúlínì, mẹ́wàá nínú wọn kọjá ọdún márùn-ún. Àwọn márùn-ún ò bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Bó ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe idán, kì í ṣe irọ́.

AraTuntun:
Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ibí yìí tí mi ò dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ti ṣe é fún mi.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa pé 35, ara mi ò kìlọ̀ fún mi mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in, ẹ mọ̀ ọ́n, tí ṣúgà bá ń já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò yín, àyà yín á máa já. Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mo kàn máa dédé wà nílẹ̀ ni. Ọjọ́ kan mò ń wọ bàtà fún ọmọ mi obìnrin. Ohun tí mo tún rí lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń fi ìka pa nǹkan dídùn sí mi létè bí ìyá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ìkejì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sunkún. Bó ṣe ń ṣe é fi hàn pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbin ín fún mi, oṣù méje ló wà láàárín méjèèjì. Àpò kékeré báyìí, omi inú ẹ̀ rú díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìyẹ̀fun, mò ń wò ó bó ṣe ń kán, mo ń rò ó pé ṣé gbogbo ariwo yìí náà nìyí. Èjìká ọ̀tún mi dùn mí fún ọjọ́ méjì, ó tán.

Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi gún ìnsúlínì rárá. Ní báyìí mò ń gún yúnìtì mẹ́jọ lójúmọ́, tẹ́lẹ̀ 45 ni. Mi ò tíì dákú lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí mi ò tíì dákú.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdàkejì ẹ̀ náà. Oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba, àràmọ̀ǹdà ni. Sirolimus fi egbò sí mi lẹ́nu débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní láti pàrọ̀ ẹ̀. Tacrolimus ń gbọ̀n mí lọ́wọ́, tí mo bá ń bu omi fún àlejò, àlejò ló ń gba ife lọ́wọ́ mi. Oṣooṣù ni wọ́n ń wo kíndìnrín mi torí ó lè bà á jẹ́. Ọ̀fìnkìn tó ń ṣe ẹlòmíì ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ń dá mi gbé sílé ìwòsàn. Wọ́n sì ti sọ fún mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé pé àrùn jẹjẹrẹ tètè ń mú àwọn tó ń lò ó ju ẹlòmíì lọ.

Ṣé màá tún un ṣe? Lónìí olónìí. Ṣé màá jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọ tí ṣúgà ẹ̀ ṣì ń kìlọ̀ fún un, tí màmá ẹ̀ ń dìde láago mẹ́ta? Rárá.

IyaTomi:
Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn… mo gbé fóònù sílẹ̀ ná.

OgbeniIyemeji:
Àbúrò, o pa mí lẹ́nu mọ́. Kú oríire, kú ìfaradà náà.

IwosanKiakia:
Kí lẹ ń da ara yín láàmú fún? Ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ń gún stem cell, sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì míì, sí èèyàn lára lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ ń padà sílé lálẹ́, type 1 lọ, type 2 lọ, ojú á mọ́lẹ̀, orúnkún á nà. Kò sí oògùn kankan lẹ́yìn ẹ̀!!! Ẹ wá inbox mi.

OgbeniIyemeji:
Ó ti dé. Mọ́mì Tomi, ẹ má fọwọ́ kan èèyàn yìí.

Mi ò sọ èyí níbí rí. Mo lọ síbi tó jọ èyí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo ta mọ́tò mi. Wọ́n fa ọ̀rá níkùn mi láàárọ̀, wọ́n ní àwọn ń "jí" stem cell inú ẹ̀, lọ́sàn-án wọ́n gún un padà sí mi níṣan, wọ́n fún mi ní sátífíkéètì tó ní òǹtẹ̀ góòlù, sátífíkéètì! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tan ara mi pé ṣúgà mi ń wálẹ̀. Kò wálẹ̀, mo kàn dín oúnjẹ kù ni. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n tún wá gba ìkejì. Ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń ṣiyèméjì.

Alaga:
Mo ti yọ IwosanKiakia kúrò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́.

MaikiroSkopu:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n. Kó lè yé ẹni tó bá máa ka èyí lọ́jọ́ iwájú: sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà látinú ọ̀rá tí wọ́n gún padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà kò mọ ìnsúlínì rí. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́ stem cell nínú yàrá ìwádìí, èròjà yìí lónìí, òmíràn lọ́jọ́ mẹ́ta sí i, kí ó tó di beta cell tó ń gbọ́ràn sí ṣúgà lẹ́nu.

AbereMerin:
Ibẹ̀ gan-an ni ìròyìn tí àbúrò Mọ́mì Tomi fi ránṣẹ́ ti wá. Wàhálà ti tẹ́lẹ̀ ni pé òkú tó yọ̀ǹda ò pọ̀, alátọ̀gbẹ sì pọ̀ bí eéṣú. Doug Melton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ọmọ ẹ̀ méjì ló ní type 1, àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin yẹn pa iṣẹ́ tó ń ṣe tì, ó dojú kọ eléyìí nìkan. Ó lé lógún ọdún kó tó jẹ́ pé lọ́dún 2014 wọ́n kéde pé àwọn ti lè fi stem cell ṣe beta cell lọ́pọ̀ yanturu. Bàbá nìyẹn jàre.

Látibẹ̀ ló ti di oògùn tí iléeṣẹ́ Vertex ń dán wò, VX-880 ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, zimislecel ni báyìí. Inú ẹ̀dọ̀ náà ni wọ́n ń dà á sí. Èsì tó jáde ní June 2025: èèyàn méjìlá ló gba ìwọ̀n tó pé, gbogbo wọn jẹ́ irú AraTuntun, tí ṣúgà ń já gbé ṣubú. Lẹ́yìn ọdún kan mẹ́wàá ò gún ìnsúlínì mọ́, gbogbo àwọn méjìlá ni ìjáwálẹ̀ burúkú ti fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dà á sí wọn lára o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta.

DokitaOru:
Ẹ parí ẹ̀, AbereMerin. Àwọn méjì kú nínú ìwádìí yẹn. Ọ̀kan, àrùn ọpọlọ tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló le sí i. Ìkejì, àkóràn inú awọ ọpọlọ ni, irú èyí tó máa ń rí ààyè wọlé nígbà tí wọ́n bá ti fi oògùn so ọmọ ogun ara lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì kọ́ ló pa wọ́n. Àmọ́ tí mo bá ń bá ìyá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀, mi ò lè fi ìyẹn pa mọ́.

IyaTomi:
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó ti ń yé mi bọ̀, sẹ́ẹ̀lì ti wà, ààbò ẹ̀ ni ò tíì sí. Ṣé wọn ò lè fi nǹkan bò ó ni? Bí ẹni fi àwọ̀n bo òròmọdìẹ kí àṣá má gbé e?

MaikiroSkopu:
Hahaha Màmá, ẹ yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbà síṣẹ́! Wọ́n ti gbìyànjú àwọ̀n yẹn. Vertex náà ṣe é, VX-264, sẹ́ẹ̀lì kan náà nínú àpò tí ọmọ ogun ara ò lè wọ̀. Ní March 2025 wọ́n dá a dúró, ìnsúlínì tó ń ti inú ẹ̀ jáde ò tó nǹkan. Àwọ̀n tó dí àṣá ló tún ń dí atẹ́gùn àti oúnjẹ. Beta cell ọ̀jẹun sì ni, kò lè gbé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé.

Ọ̀nà kejì ló ń dùn mọ́ mi. Wọn ò ní bo òròmọdìẹ mọ́, wọ́n á pa àwọ̀ ẹ̀ dà kí àṣá má dá a mọ̀. Ní Uppsala, ní Sweden, wọ́n mú erékùṣù òkú, wọ́n gé jíìnì tó ń ṣe àmì tí ọmọ ogun ara fi ń mọ àlejò kúrò, wọ́n wá fi kún jíìnì CD47 tó ń sọ pé "má jẹ mí". Wọ́n gún un sínú ẹran apá ọkùnrin ọmọ ọdún 42 kan. KÒ LO OÒGÙN KANKAN. Èsì ẹ̀ jáde ní August 2025, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì wà láàyè, ó ń ṣe ìnsúlínì. Ọkùnrin náà ṣì ń gún abẹ́rẹ́ o, torí díẹ̀ ni wọ́n gbìn, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ara á jẹ́ kó wà ni. Ara jẹ́ kó wà.

OgbeniIyemeji:
Ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ méjìlá. (Mo gbọ́, mo gbọ́, mò ń kàn sọ ni.) Ti ṣáínà ńkọ́, èyí tí wọ́n ní wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì obìnrin kan gbin fún òun fúnra ẹ̀?

DokitaOru:
Tianjin ni. Obìnrin ọmọ ọdún 25, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì látinú ọ̀rá ẹ̀, wọ́n fi kẹ́míkà dá a padà sí stem cell, wọ́n tọ́ ọ di erékùṣù, wọ́n wá gún un sábẹ́ awọ tó bo iṣan ikùn ẹ̀ ní June 2023. Lẹ́yìn ọjọ́ 75 kò gún ìnsúlínì mọ́. Ó dára gan-an. Àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún obìnrin yẹn tẹ́lẹ̀, torí náà ó ti wà lórí oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. A ò lè fi tiẹ̀ sọ pé sẹ́ẹ̀lì ara ẹni ò nílò ààbò. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ikú ilé: ogun tó pa beta cell àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ara ẹni náà ló pa nígbà yẹn.

Màmá Tomi, ìbéèrè yín gan-an ni mi ò tíì dáhùn tààrà. Fún Tomi lónìí, rárá. Àgbàlagbà tí ìjáwálẹ̀ ṣúgà fẹ́ pa ni wọ́n ń ṣe é fún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn, ọgọ́ta ọdún ló fẹ́ fi máa gbé e mì, kíndìnrín wo ló fẹ́ gbà á? Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ tọ́jú ojú ẹ̀, kíndìnrín ẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ kí ara ẹ̀ lè pé pérépéré lọ́jọ́ tí èyí tí ò nílò oògùn bá dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀ bóyá wọ́n lè fún un ní sẹ́ńsọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ apá, tó máa ń dún tí ṣúgà bá ń já, kẹ́ ẹ lè máa sùn díẹ̀.

Ṣé ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò?

IyaTomi:
Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12. Kí ló dé?

DokitaOru:
Ẹ má jáyà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá alátọ̀gbẹ ni kì í ní in. Àmọ́ ogun yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ́pọ̀ ọdún kí ṣúgà tó gòkè, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó lè rí àmì ẹ̀. Tí wọ́n bá rí i tó ti dé ìpele kejì (ṣúgà ti ń yí díẹ̀, àmọ́ àìsàn ò tíì hàn síta), oògùn kan wà tó ń jẹ́ teplizumab, November 2022 ni FDA fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè, ó máa ń sún ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn yẹn síwájú ní nǹkan bí ọdún méjì. Ọdún méjì láìgún abẹ́rẹ́ fún ọmọ ọdún 12, kì í ṣe kékeré. Ẹ kàn béèrè ni.

AraTuntun:
Ì bá wù mí kí ẹnì kan ti sọ èyí fún àwọn òbí mi nígbà yẹn, nítorí àbúrò mi.

IyaTomi:
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé: sẹ́ńsọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, teplizumab (mo da orúkọ yẹn kọ látorí fóònù, mi ò lè pè é). Ọjọ́bọ̀ la máa rí dókítà ẹ̀. Mo ti pe àbúrò mi náà, mo ní kó má fi ìròyìn ọ̀hún ránṣẹ́ sí màmá wa, torí màmá wa á ti lọ pe ìdúpẹ́.

OgbeniIyemeji:
😂😂 Mọ́mì, aago mélòó lẹ ń kọ èyí báyìí? Ẹ lọ sùn.

IyaTomi:
Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, mo ti lọ wò ó. Ṣúgà ẹ̀, 6.1 ni. Ó tiẹ̀ lajú, ó ní "mọ́mì, ṣé mo wà dáadáa?" mo ní ó wà dáadáa, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ti ń hanrun. Ó dàárọ̀ o.